Ohun Tí N Kò Lè Sọ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Mi

Èmi kì í ṣe ẹni tó lè jókòó pẹ́. Bí ìpàdé bá ti lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹsẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ tábìlì, wọ́n sì mọ̀ mí mọ́ ọn ní iléeṣẹ́ wa ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí a ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke àti ìdérí rẹ̀. Ó wá ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé èmi yìí ni mo fi oṣù mẹ́ta gbáko ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn ará yunifásítì. Ìbínú ló mú mi jókòó.

Ọdọọdún ni a máa ń gba àwọn ọmọ tó ti gboyè másítà nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ síṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, ọpọlọ wọn pé, wọ́n lè kọ gbogbo òfin ooru sójú pátákó láìwo ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan páǹpù rí. Ọ̀kan nínú wọn dúró ti páǹpù lọ́jọ́ kan, ó ń bi mí pé níbo ni páǹpù wà. Mo wò ó, mo wo páǹpù, mo sì lọ mu omi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ gan-an lè má fọwọ́ kàn án rí. Ọdún méjì ló fi ṣe másítà, ó sì kọ ìwé tó nípọn bíi búrẹ́dì nípa ẹ̀rọ kan tí kò sí ní gbogbo Èkó.

Nígbà tí yunifásítì wá kọ̀wé sí wa pé kí á jọ tún ètò másítà wọn ṣe, mo ní èmi ni n ó lọ. A fà á títí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ kí ìwé ìwádìí ní orí márùn-ún bó ṣe máa ń ní. Èmi fẹ́ kó tún nǹkan kan ṣe láyé yìí. A fẹnu kò níkẹyìn pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní alábòójútó méjì, ọ̀kan láti yunifásítì, ọ̀kan láti iléeṣẹ́. Yóò lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa, ìṣòro tó ń yọ iléeṣẹ́ lẹ́nu gan-an ni yóò ṣiṣẹ́ lé lórí, ibi tó ti ṣe iṣẹ́ náà ni wọn yóò sì ti dán an wò. Wọ́n tún gbà kí àwọn tó ní HND, tí wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ pẹ́, lè wọlé. Èmi ni mo jà fún ìyẹn. Èmi náà ni mo kọ fọ́ọ̀mù tí alábòójútó iléeṣẹ́ yóò máa fọwọ́ sí lóṣooṣù, pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Mo fi fọ́ọ̀mù yẹn ṣe fáàrí kiri iléeṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ni Bọ̀dá Tíṣà.

Orúkọ tó wà nínú fáìlì kò sọ nǹkan kan fún mi, torí pé ládùúgbò wa ní Festac, kò sí ọmọ tó mọ orúkọ rẹ̀. Bọ̀dá Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà tí à ń gbé ló ti ń kọ́ wa ní lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú pátákó tí òun fúnra rẹ̀ kàn, tó sì kùn ní dúdú. Nígbà náà, mo ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì, ìṣirò ló sì ń dá mi padà. Bàbá mi ti ń sọ pé kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Bọ̀dá ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ọdún kan. Bó ṣe ń kọ́ni kò ní ìfìpamọ́ nínú: bí o bá ṣi ìṣirò, á ní kí o dìde, kí o kọ àṣìṣe rẹ sójú pátákó níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ, o ò sì ní jókòó títí ìwọ fúnra rẹ á fi rí ibi tí o ti ṣì í. Mo sunkún níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọdún yẹn ni mo wọlé.

Mo di ẹnjinníà, òun sì wà níbi tó wà. Ó fi HND rẹ̀ ṣiṣẹ́ káàkiri àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké, ó tún ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ṣe ní Trade Fair fún ìgbà díẹ̀, ó kó lọ sí Abúlé-Adó, kó tó wá ríṣẹ́ sí ilé-ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ kan, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń lo irinṣẹ́. Ilé-ìwé náà ni wọ́n wá sọ fún un pé bí kò bá ní másítà láàárín ọdún méjì, kò ní lè kọ́ni lọ́dọ̀ wọn mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Bí ètò tuntun yìí kò bá gbà á, kò tún sí èyí tó máa gbà á.

Nígbà tó wọ ọ́fíìsì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó fi fáìlì há abíyá, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde jàre," ló ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lọ̀gá mi báyìí."

Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá wà nítòsí, á máa pè mí ní Mádáàmù, á sì máa fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Bó bá ku àwa méjì, mo tún di ọmọ abẹ́ àtẹ̀gùn. N kò mọ èwo nínú méjèèjì ló ń ni mí lára jù.

Iṣẹ́ tí a fún un kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì wa ń wọ́. Ike gbígbóná máa ń ṣàn wọ inú irin tí a ń pè ní móòdù, omi tútù máa ń gba ara móòdù kọjá, ike á sì le, móòdù á wá là, ìdérí á bọ́ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìdérí náà máa ń ká bí wọ́n bá ti bọ́ sílẹ̀, wọn kò sì ní lè bo bọ́kẹ́ẹ̀tì kankan mọ́. Bọ̀dá gbọ́dọ̀ wádìí ohun tó fà á, kó sì sọ bí a ó ṣe tún un ṣe.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní kí á wọn bí omi náà ṣe tutù tó. Ó mú tẹmómítà, ó lọ síbi táńkì lẹ́yìn ilé, ó so ó mọ́ ọn dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó rí sílẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Omi tó ń ti táńkì bọ̀ máa ń gba inú páìpù gígùn la gbọ̀ngàn ẹ̀rọ tó gbóná janjan kọjá kó tó dé ibi móòdù. Bó bá ti débẹ̀, kò tutù bó ṣe tutù ní táńkì mọ́. Ẹnu móòdù ló yẹ kó ti wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí kò mọ páǹpù yẹn, ká ní òun ló ṣe bẹ́ẹ̀, ariwo mi á ti dé Máìlì Tú.

Mo ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ wà lórí ahọ́n mi. Ó yíjú padà, ó wò mí.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni mo sọ.

Nígbà tó lọ sílé ní aago mẹ́rin, mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn tẹkiníṣàn so tẹmómítà mìíràn mọ́ ẹnu móòdù, kó sì máa kọ ohun tó bá rí fún mi. Ìwé tí Bọ̀dá fọwọ́ kọ, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ tó mọ́ rekete, mo kọ òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Kó tó wọ ètò yìí, ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti jókòó gbẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ ìṣirò sì ti yí padà púpọ̀ sí èyí tó mọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá ti parí, màá tilẹ̀kùn ọ́fíìsì, màá wá ibi tó ti ṣì, màá tún un ṣe, màá sì gbé e fún akọ̀wé wa pé kó tẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún Bọ̀dá pé kó má da ara rẹ̀ láàmú lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, iléeṣẹ́ á bá a tẹ gbogbo rẹ̀, á sì bá a dì í. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdúpẹ́ yẹn kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Màá dìde lórí àga, màá yí gbọ̀ngàn ká, màá bá ẹni tó gbé irin sójú ọ̀nà jà, màá tún padà wá jókòó. Lóṣooṣù ni mò ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo fọwọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mẹfà náà ni mo sì purọ́.

Ìdérí tó ń wọ́ dín kù díẹ̀, kò tán. Mo ní ike tí wọ́n ń tà fún wa ni kò dára.

Wọ́n dán an wò ní yàrá ìpàdé wa, bí àdéhùn ṣe wí. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìyá kan tó wá láti yunifásítì mìíràn láti wá ṣe olùdánniwò. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè, ó sì ti ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé ìwé dídì dé láti ibi tí a kó o lọ, Bọ̀dá kò sì ráyè ṣe ju kó fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí.

"Mo fẹ́ràn ibì kan, sà," ni ìyá náà sọ. "Ẹnu móòdù lẹ ti wọn bí omi ṣe tutù tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá lọ wọ̀n ọ́n ní táńkì. Kí ló jẹ́ kẹ́ ẹ ronú kàn án?"

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ní táńkì náà ni mo ti wọ̀n ọ́n, mà."

"Ẹnu móòdù lẹ kọ síbí."

Bọ̀dá ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun rí i. Ó kà á. Ó ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, ó ka ìyẹn náà, ó tún padà sẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wúkọ́. Ó rọrùn fún Bọ̀dá láti sọ pé òun gbàgbé, kó sì fi ọgbọ́n yí ọ̀rọ̀ náà. Mo fi gbogbo ọkàn mi bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

"Èyí kì í ṣe iṣẹ́ mi," ló sọ.

Mo rí i lójú ọ̀jọ̀gbọ́n pé ohun tó ń rò ni pé ẹnì kan ni Bọ̀dá bẹ̀ kó bá òun kọ ọ́. Bí mo bá dákẹ́ ní ìṣẹ́jú kan sí i, ó ti parí fún Bọ̀dá nìyẹn: kò ní sí másítà, kò ní sí iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ á sì bàjẹ́ lé e. Mo dìde. N kò rántí gbogbo ohun tí mo sọ, àmọ́ mo sọ pé èmi ni, pé n kò sọ fún un, pé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ fọ́ọ̀mù yẹn," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Èmi ni, sà."

Ìyá náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọdún mélòó ni wọ́n fi jù ọ́ lọ?"

"Mẹ́tàlá, mà. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní ìṣirò."

Ó mi orí. "Ètò yín dára. Mo ti kà á. Ẹ kọ iye alábòójútó, ẹ kọ iye oṣù, ẹ kọ ẹni tó máa fọwọ́ sí i. Bí àbúrò ṣe máa la ẹnu sọ fún ẹ̀gbọ́n pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dáa, ẹ ò kọ ìyẹn síbì kankan."

Wọn kò ní ó yege, wọn kò sì ní ó fìdí rẹmi. Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti tún un ṣe. Èmi náà ni n ó ṣì máa bójú tó o, ṣùgbọ́n ìṣojú rẹ̀ ni n ó ti máa ṣe àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, àwa méjèèjì á sì fọwọ́ sí i.

Mo sáré bá a ní géètì. Ó ti wọ bàtà tirẹ̀, ó ti dá bàtà iléeṣẹ́ padà, ó sì kọjú sí ọ̀nà bíi pé n kò sí níbẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún yín ni."

Ó dúró. "Nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ṣé mo fi àṣìṣe ẹ pamọ́ fún ẹ?"

"Rárá, sà."

"Torí mo mọ̀ pé o lè mọ̀ ọ́n ni." Kò gbé ohùn sókè rárá. "Ìwọ ti pinnu pé èmi ò lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyẹn kọ́ là ń pè lọ́wọ̀."

Ó lọ. Mo padà sínú iléeṣẹ́, mo bú ẹni mẹ́ta tí kò ṣẹ̀ mí. Ojú ń tì mí débi pé n kò lè jẹun. Lọ́jọ́ Sátidé, mo tú gbogbo aṣọ fèrèsé ilé mi sílẹ̀, mo fọ̀ wọ́n, wọn kò sì dọ̀tí. Mo fẹsẹ̀ rìn ní Festac láti ìkángun kan dé èkejì, mo tún rìn padà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, pásítọ̀ wàásù títí, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló sọ, n kò mọ̀ ọ́n. Mo ti pariwo fún ọdún púpọ̀ pé yunifásítì ń fi ìwé-ẹ̀rí fún àwọn tí wọn kò kọ́ ní nǹkan kan. Èmi náà rèé, mo ti fi oṣù mẹ́fà ṣe ohun kan náà.

Mo rò pé kò ní padà wá. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó kí mi, ó fa àga, ó sì gbé ìwé tuntun kan sórí tábìlì.

"Ibi mélòó lo yí padà?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

"Máa kà á."

Mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́. "Bọ̀dá, ibi tí ẹ gbé tẹmómítà sí, kò dáa. Ẹ má bínú."

"Má bẹ̀ mí. Kí ló dé tí kò dáa?"

Mo ṣàlàyé páìpù gígùn náà fún un àti bí gbọ̀ngàn ṣe gbóná tó. Ó gbọ́, ó bi mí ní ìbéèrè kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ohun tó gbà mí ní oṣù mẹ́fà láti fi pamọ́ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Èkejì yé e kíákíá. Ẹ̀kẹta gba àkókò, ó ní kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì tún un ṣe. Ohùn mi ti ń padà bọ̀ sípò.

"Ẹ̀kẹrin," ni mo ní. "Ẹ kọ pé kí móòdù wà ní pípadé fún ìṣẹ́jú-àáyá méjìlélógún kí ike tó tutù. Ó ti pọ̀ jù. Mo sọ ọ́ di méjìdínlógún."

"Báwo lo ṣe dé méjìdínlógún?"

Mo fi ìṣirò mi hàn án. Ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìka láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìnípọn ìdérí tó o lò níbí, níbo lara ẹ̀ lo ti wọ̀n ọ́n?"

"Ní àárín, sà."

Ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn. Mo lọ síbi fèrèsé, mo padà, mo tún lọ. Nígbà tó wọlé, ìdérí kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ayùn irin. Ó gbé ìdérí náà sórí tábìlì mi, ó sì rẹ́ ẹ sí méjì, ike rírẹ́ ń dà sórí àwọn fáìlì mi. Ó fi kálípà, irin tí a fi ń wọn ìnípọn nǹkan, lé mi lọ́wọ́.

"Wọn etí ẹ̀," ló ní.

Mo wọn etí ìdérí náà, ibi tó ti máa ń há mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó nípọn ju àárín lọ. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó. Mo tún un wọ̀n. Etí yẹn ló máa ń tutù kẹ́yìn, etí yẹn náà ló sì ń wọ́. Ohun tó wà nínú ìwé tí mo yí padà ni wọ́n ń tẹ̀ lé lórí ẹ̀rọ náà láti oṣù mẹ́ta wá, tí móòdù ń là nígbà tí etí ìdérí ṣì gbóná, tí èmi sì ń kọ lẹ́tà gbígbóná sí àwọn tó ń ta ike fún wa.

"Mo ti wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ méjìlélógún," ni Bọ̀dá wí. "Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún ẹ."

Mo gbé fóònù, mo pe gbọ̀ngàn, mo ní kí wọ́n dá a padà sí méjìlélógún. Ọ̀gá àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bi mí pé ta ló ní kí àwọn gbé e sí méjìdínlógún nígbà náà.

"Èmi ni," ni mo sọ. "Mo ṣì í."

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Bọ̀dá ti gbọn ike kúrò lórí ìwé, ó sì ti mú bírò.

"Ẹ̀karùn-ún," ló ní.